Dùrù Àwìn

Ìka kẹrin ọwọ́ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ kọ̀ mí sílẹ̀. Mo jókòó sí ilé ìdáná bàbá olóyìnbó kan ní Stockport, mo ń dúró kí omi tíì rẹ̀ hó, mo sì ń fi ìka ta orin kan sórí tábìlì bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Àtàǹpàkò dáhùn. Ìka ìlábẹ̀ dáhùn. Ti àárín náà dáhùn. Ìka kẹrin kò dìde. Mo tún pè é. Ó gbọ̀n díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì tún dùbúlẹ̀. Bàbá náà ti ń wò mí láti ìjókòó rẹ̀. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ìka òun ni mo jí wọ̀ wá síṣẹ́ ni.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé tíì fún un.

Ogún ọdún ni mo fi jẹ́ olùkọ́ orin ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, kí n tó di ẹni tí ń wẹ bàbá oníbàbá ní ilẹ̀ òkèèrè. Mo ní kíbọ́ọ̀dù tèmi nígbà náà. Mo tà á kún owó ọkọ̀ òfuurufú tó gbé wa wá sí Manchester. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé ìjókòó tirẹ̀ gan-an ni mo fi dùrù mi rà, nítorí náà bí ó bá máa hanrun, kí ó rí i pé ó ń hanrun lórí ohùn. Ọdún márùn-ún nìyí tí a ti wà ní Wythenshawe. Òun ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, èmi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Stockport, mi ò sì tíì fi ọwọ́ kan dùrù kankan láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Kì í ṣe pé kò sówó nílé rárá. Owó visa wà, tí a ń tọ́jú láti fi tún ìwé ìgbélùú gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí mọ̀ pé owó visa kì í ṣe owó, ẹyin tí adìyẹ ń sàba lé ni. Ẹ kàn lè máa wò ó láti òkèèrè ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá dárúkọ kíbọ́ọ̀dù, ọkọ mi á ní, "Tíṣà, lẹ́yìn visa." Tíṣà ló ń pè mí. A ti gba visa lẹ́ẹ̀kan, òmíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, mo bi í léèrè pé láàárín 'lẹ́yìn visa' yẹn àti ọjọ́ ìdájọ́, èwo ló máa kọ́kọ́ dé. Ó ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n méjèèjì ló ní fọ́ọ̀mù.

Ilé ìtajà ohun èlò orin kan wà lójú ọ̀nà tí mo máa ń gbà láti ilé arúgbó kan dé òmíràn. Mo ti ń kọjá níwájú rẹ̀ tipẹ́ láì yọjú wọlé, bí ìgbà tí èèyàn ń kọjá níwájú ilé olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ọjọ́ tí ìka mi kọ̀ mí yẹn, òjò dé lójijì, mo sì wọlé. Kí n má purọ́, agboòrùn wà nínú àpò mi.

Kíbọ́ọ̀dù kan wà ní apá òsì, bọ́tìnì méjìdínláàádọ́rùn-ún gbáko, tó wúwo lábẹ́ ìka bí dùrù gidi. Mo wo iye tí wọ́n kọ sí i lára. Mo yí ojú kúrò. Mo tún wò ó.

"Ẹ kú ọ̀sán, aunty."

Ọmọbìnrin kan ni, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Manchester ni wọ́n bí i sí, ó hàn lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi orúnkún kan tẹ̀ díẹ̀ nígbà tó kí mi.

"Ta ló sọ fún ọ pé Yorùbá ni mí?"

"Ojú yín ni, aunty. Ẹ ń wo price yẹn bí ẹni pé ó bú màmá yín. Mọ́mì mi gan-an ló ń wo nǹkan báyẹn."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó fà mí jókòó sídìí dùrù náà, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá, ọwọ́ mi tutù. Ó wá ṣàlàyé. Ilé ìtajà wọn ní káàdì tirẹ̀. Bí mo bá gba káàdì náà, mi ò ní san kọ́bọ̀ lónìí. Màá máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Bí mo bá san án tán láàárín ọdún kan, kò sí èlé. Bí mi ò bá san án tán, èlé á gorí èlé, ó sì fi ọwọ́ hàn mí bí ó ṣe máa ga tó. Ọmọ dáadáa ni, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ọkọ mi ni wàhálà," mo wí.

"Uncle ò fẹ́ ariwo?"

"Uncle ò fẹ́ gbèsè."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá mi jí ewúrẹ́ gbé. "Aunty, ẹ mú headphone kún un. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú yàrá, ẹ fi headphone sétí. Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nǹkan kan. Uncle ò ní mọ̀ pé ẹ ní i."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti ń fọkàn wo abẹ́ ibùsùn wa, bóyá ó máa gba ibẹ̀. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù síwájú mi, ó ń fi bírò tọ́ka sí ibi tí màá kọ ọ̀rọ̀ sí, títí ó fi dé àpótí kékeré kan nísàlẹ̀.

"Èyí kì í ṣe dandan o. Cover ni. Ẹ máa fi pọ́n-ùn díẹ̀ kún un lóṣù. Tí ẹ bá ṣàìsàn, wọ́n á bá yín san án. Tí ẹ bá kú, God forbid, aunty, gbogbo gbèsè yẹn parẹ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní wá sílé yín."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, láàárín àwọn dùrù tó tò síbẹ̀: hùúù, ó fa èémí wọlé, hàáà, ó tú u jáde. Iná mànàmáná ló ń gbé gbogbo dùrù tó wà ní ilé ìtajà yẹn ró, kò sí ọ̀kan tó ń mí nínú wọn. Mo ká fọ́ọ̀mù náà sínú àpò mi, mo ní mò ń bọ̀, mo sì jáde sínú òjò láì ṣí agboòrùn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọmọ yẹn kò mọ̀ pé òun sọ.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi, màmá mi ń ta ọṣẹ lọ́jà, yàrá méjì la sì ń gbé ní Ìbàdàn. Nígbà yẹn, àwọn òṣómàáló ṣì kù díẹ̀ nígboro. Fún ẹ̀yin tí a bí lẹ́yìn wọn, oníṣòwò ará Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n. Wọ́n á gbé aṣọ kiri, wọ́n á tà á fún ọ láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé tí o kò san, wọn kì í pariwo, wọn kì í pe ọlọ́pàá. Wọ́n á lóṣòó síwájú ilé rẹ. Orí òṣó náà ni wọ́n á wà títí owó á fi jáde. Oòrùn á pa wọ́n, àwọn aládùúgbò á máa rí wọn, ìtìjú á sì máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá ọ bí èéfín.

Tiwa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, onísùúrù, tí orúnkún rẹ̀ máa ń dún kàà bí ó bá fẹ́ lóṣòó. Aṣọ ló ń tà, ṣùgbọ́n bí ó bá fọkàn tán oníbàárà, á bá a ra ohun mìíràn wá láti Èkó. Bàbá mi kò fẹ́ aṣọ. Dùrù àyà ló fẹ́, èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́ èjìká mọ́ àyà, tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń kì bí ewìrì alágbẹ̀dẹ, tí ìka sì ń wá orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí ọ̀kan níbi ìsọmọlórúkọ, láti ọjọ́ náà kò gbádùn mọ́. Òṣómàáló bá a rà á wá. Kò bi màmá mi léèrè. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ó san bó ṣe yẹ, ilé wa sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa. Lẹ́yìn náà owó oṣù àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Oṣù kan di mẹ́ta, mẹ́ta di márùn-ún.

Àárọ̀ Sátidé kan, mo gbọ́ kàà níta. Bàbá mi bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì tó pín yàrá kúrò lára pálọ̀, ó yọ orí jáde, ó ní, "Lọ sọ fún un pé mo lọ sílùú àwọn ìyá mi, mi ò tíì dé."

Mo jáde. Ọkùnrin náà ti lóṣòó. Ó ní, "Ọmọ mi, bàbá rẹ ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí irọ́ tí wọ́n fún mi mú wá fi kéré lójú mi. Ẹni tó lọ sílùú ìyá rẹ̀ ṣì ń padà bọ̀. Òṣómàáló kàn máa dúró dè é ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, bàbá kan kú ní òpópó kejì, mo sì ti gbọ́ tí màmá mi ń sọ fún aládùúgbò pé gbogbo àwọn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí owó ló ti panu mọ́. Mo ti tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn sínú.

"Bàbá mi ti kú, sà."

"Ó ti kí ni?"

"Ó ti kú."

"Nígbà wo?"

"Ní ọjọ́ Ẹtì."

"Kí ló ṣe é?"

"Inú rírun ni, sà. Ó jẹ ẹ̀wà."

Mo fi ẹ̀wà kún un kí ó lè dùn ni. Bí mo ti rí láti kékeré nìyẹn, n kì í lè gbé ọbẹ̀ fún èèyàn láìfi iyọ̀ sí i.

Ọkùnrin náà na ọrùn. Ó ń wo inú ilé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kọjá. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún, ó ṣí fìlà. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere," ó wí. "Á dá ẹ̀yin tó gbẹ̀yìn sí." Ó fún mi lówó àkàrà, ó sì lọ. Kò lóṣòó sílé wa mọ́ láéláé.

Bàbá mi jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti sin mí! Ẹ̀wà kẹ̀? Odindi olùkọ́, ẹ̀wà ló pa á?" Màmá mi dé láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó fi omi iyọ̀ fọ ẹnu mi lẹ́ẹ̀meje, ó yí ojú mi sí ìta, ó ní kí n sọ pé bàbá mi wà láàyè. Mo la ẹnu kí n pariwo rẹ̀. Ó yára fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, torí òṣómàáló kò tíì rìn jìnnà. Nítorí náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo fi sọ pé bàbá mi wà láàyè. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò lè tẹ dùrù rẹ̀ mọ́. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé òkú ń kọrin? Òṣómàáló ṣì ń gbé aṣọ kiri àdúgbò wa. Nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ sórí páànù, tí èèyàn kò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀, nígbà náà nìkan ni bàbá mi máa ń gbé e kọ́ àyà. A máa ń rí ìka rẹ̀ tó ń sáré, a máa ń rí bí ó ṣe dijú, ṣùgbọ́n òjò nìkan la ń gbọ́. Bí kò bá sójò, bọ́tìnì kan wà lára dùrù náà tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò máa wọlé tí yóò máa jáde, láìsí ohùn. Á jókòó sínú yàrá, á máa fà á, á máa kì í. Hùúù. Hàáà. Mo wà ní ìhà kejì ògiri, mo sì ń gbọ́ bàbá mi tí mo pa, tí ó ń mí.

Ó kú nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn gan-an, nígbà tí òjò ti dá. Kì í ṣe inú rírun, àyà ni. Kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì, Ìṣẹ́gun ni. Kò jẹ ẹ̀wà. Mo ti ka ìyàtọ̀ wọ̀nyẹn títí bí agbẹjọ́rò, láti ọmọ ọdún mẹ́jọ títí mo fi ju àádọ́ta lọ, adájọ́ kò tíì dá mi sílẹ̀.

Ẹ wá wo ìlú tí mo kó wá sí. Ẹni tí òjò ń rán létí òkú bàbá rẹ̀, Manchester ló wá fi ṣelé! Fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kúrò ní ilé ìtajà yẹn, òjò kò dá. Bí mo bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ìyá arúgbó kan, màá gbọ́ hùúù. Bí mo bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì, tí fèrèsé ń lómi, màá gbọ́ hàáà. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka mi yóò padà wá. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka kẹta á tẹ̀lé ìkẹrin láìpẹ́, orin yóò sì parí lára mi. Ṣùgbọ́n dùrù àwìn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́, tí ikú á wá san owó rẹ̀, mo ti gbé pẹ̀lú ọ̀kan rí.

Ní ọ̀sán Sunday, tí ọkọ mi wà ní shift, mo pe màmá mi ní Ìbàdàn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹnu wọn sì mú ju tèmi lọ. A kí ara wa títí. Mo sọ ti káàdì fún wọn, mo sọ ti headphone, mo sọ ti àpótí kékeré nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tí mi ò béèrè rí.

"Mọ́mì, ṣé èmi ni mo pa bàbá mi?"

Mo gbọ́ tí wọ́n sún àga.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹnu mi ni. Ṣebí ẹ fọ̀ ọ́."

"Ẹnu rẹ? Ẹnu tí kò lè lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gààrí, òun ló fẹ́ pa ọkọ mi?" Wọ́n pòṣé. "Òṣómàáló yẹn mọ̀ pé irọ́ lo pa."

Mo lẹ fóònù mọ́ etí.

"Kọ́tìnì wa kò dé ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, méjèèjì, pẹ̀lú sálúbàtà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà wá bá mi nídìí ọṣẹ mi lọ́jà. Ó ní, 'Ìyá, ẹ bá mi kí òkú yín o. Ẹ sọ fún un pé bí ó bá tún máa kú, kí ó fa ẹsẹ̀ wọlé.' Mo kúnlẹ̀ fún un láàárín gbogbo ọjà. Mo ní kí ó má bínú, pé èmi yóò máa san án láti ara ọṣẹ, díẹ̀díẹ̀. Ó gbà."

"Ẹ san án?"

"Mo san án."

"Bàbá mi mọ̀?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń ti fèrèsé.

"Kò mọ̀. Inú ń bí mi nígbà yẹn," wọ́n wí. "Ó ra dùrù láìbi mí. Ó sá sẹ́yìn kọ́tìnì, ó wá rán ọmọ mi lọ purọ́. Mo ní kí ó máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ná. Mo ní ọjọ́ tí mo bá san án tán, màá sọ fún un, kí ó gbé e jáde síta, kí ó tẹ̀ ẹ́ lójú oòrùn. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí ó fi kú. A sin ín tán, mo gbé owó tó kù lọ. Ọkùnrin náà ní òun ò gbà á mọ́. Mo fi tipá fi sí i lọ́wọ́."

Mo ń gbìyànjú láti rí wọn bí wọ́n ti rí nígbà náà, obìnrin tí kò tíì pé ogójì, tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó ń fa afẹ́fẹ́ lásán, tó sì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tó lè jẹ́ kí ó kọrin, tí kò sọ ọ́.

"Mọ́mì, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ. Bí ó ti ń mí."

"Ìwọ rò pé ìwọ nìkan ni?" Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Ó wá yí díẹ̀, bí ó ti máa ń yí bí wọ́n bá fẹ́ sá fún ẹkún. "Ó ti wá mọ ọ̀nà Manchester báyìí? Òun tí kò gba visa?"

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, lórí ọ̀rọ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó pa fóònù, wọ́n ní, "Bí o bá ń tẹ̀ ẹ́, má fi nǹkan bọ etí o. Ṣé o gbọ́? Sọ fún ọkọ rẹ."

Mo sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ó tó bọ́ bàtà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan abẹ́ ibùsùn. Ó gbọ́ ọ tán.

"Abẹ́ ibùsùn wo?" ó wí. "Tíṣà, bọ́tìnì méjìdínláàádọ́rùn-ún! Ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ síta ni!"

"Mo fẹ́ rà á, Dádì. Pẹ̀lú káàdì yẹn. Kì í ṣe lẹ́yìn visa."

Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó wọ awò, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́. Kò dùn mọ́ ọn nínú, mi ò ní sọ pé ó dùn mọ́ ọn. Ó ní èlé tó wà lẹ́yìn ọdún kan yẹn dà bí ejò tó ká sábẹ́ ẹní. Ó mú bírò, ó pín owó náà sí mọ́kànlá dípò méjìlá, ó ní kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ mi lọ́jọ́ tí mo bá gbà á gan-an, kí n tó rí i, kí oṣù kan lè ṣẹ́kù sílẹ̀ fún àìsàn. Ó ní a kò ní fi káàdì náà ra abẹ́rẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi bírò kan àpótí ìsàlẹ̀ yẹn.

"Bí o bá wá kú ńkọ́?"

"Kí wọ́n wá bá ọ. Ṣebí ìwọ ni ọkọ."

"Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ lo ń bọ̀."

"Dádì, jẹ́ kí ó ṣófo. Mi ò tún fẹ́ fi ikú san gbèsè."

Ó wò mí lórí awò rẹ̀, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jẹ́ kí ó ṣófo.

Ọmọbìnrin yẹn tún fi headphone lọ̀ mí nígbà tí mo padà lọ. Mo ní rárá, uncle ti mọ̀. Ó ní, "Ehn, àwọn neighbour yín ńkọ́?" Mo ní àwọn náà máa mọ̀.

Wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù náà dé ní Ọjọ́bọ̀. Ọkọ mi tò ó sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tan iná rẹ̀, ó sì lọ jókòó bí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sán ni, oòrùn díẹ̀ yọ. Mo pe màmá mi lórí fóònù, mo gbé e lé orí dùrù. Mi ò mọ ohun tí màá tẹ̀. Ọwọ́ mi bá lọ síbi orin tí mo máa ń rí lára ìka bàbá mi nígbà tí òjò bá ń rọ̀, èyí tí mi ò gbọ́ rí, tí ó jẹ́ pé mo kàn fojú kọ́ ọ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìka kẹrin ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù. Ohùn náà kún ilé, ó gba ara ògiri lọ sí ilé kejì. Mo ń dúró kí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

 Mo tẹ̀ ẹ́ dé àárín, mo sì dúró.

"Mọ́mì? Ṣé ẹ ń gbọ́?"

"Ibẹ̀ yẹn kọ́," wọ́n wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ibi tí o gbé e sókè yẹn. Kì í gbé e sókè. Ìsàlẹ̀ ló máa ń mú un lọ." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn gbígbẹ, láìṣì í níbì kankan, orin tí wọ́n ti fi etí mú láàárín òjò ní gbogbo ọdún yẹn, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. Wọ́n kọ ọ́ tán. Wọ́n wú ikọ́.

"Padà sẹ́yìn," wọ́n ní. "Tún un tẹ̀."

Mo padà sẹ́yìn.